Ápù Kọ́ Ni Olórí Èso: Àtúnṣe Kan fún Ọjọ́ Èso ní Kíláàsì

Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti Lekki títí dé Ajah, ọjọ́ kan máa ń wà nínú táàmù tí wọ́n ń pè ní ọjọ́ èso. Olùkọ́ á kọ̀wé sí òbí pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú èso wá. Wọ́n á jọ fọ̀ ọ́, wọ́n á gé e sínú abọ́, wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á sì fi kọ́ nípa oúnjẹ aṣaralóore. Mo fẹ́ràn irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an. Ohun tí ọmọ bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kì í tètè kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń jáde látinú báàgì wọn: ápù pupa, ápù aláwọ̀ ewé, èso àjàrà inú ike. Ọmọ tó bá mú gúáfà wá á máa fi ọwọ́ bò ó. Èyí tó bá mú ìyeyè wá, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á béèrè bóyá ó ṣeé jẹ.

Ìgbàgbọ́ kan ló wà nídìí èyí, òun ni mo sì fẹ́ tún ṣe: pé ápù ni olórí gbogbo èso, pé òbí tó bá fẹ́ kí ara ọmọ òun le, ápù ni kó máa rà fún un, àti pé gúáfà, ìbẹ́pẹ àti ọsàn wà fún ẹni tí apá rẹ̀ kò ká ápù. Ìmọ̀ nípa oúnjẹ kò ti ìgbàgbọ́ yìí lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká fi fítámì C wò ó, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń dárúkọ bí wọ́n bá ń ra èso. Nínú ápù tó wọn gíráàmù 100, fítámì C tó wà níbẹ̀ kò tó mílígíráàmù 5. Nínú ọsàn tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ bákan náà, nǹkan bíi 53 ni. Ti ìbẹ́pẹ jẹ́ nǹkan bíi 61. Ti gúáfà lé ní 200. Ìyẹn ni pé gúáfà kékeré kan tí ọmọ ká lẹ́yìnkùlé lè ní fítámì C ju ápù mẹ́wàá lọ.

Níbo wá ni àṣìṣe náà ti wá? Lójú tèmi, ara ògiri kíláàsì ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ọ nínú lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ni pé A, ti ápù ni. Ó ti pẹ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń so lẹ́tà yìí mọ́ ápù. John Eachard ti mẹ́nu ba orin ọmọdé tó sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé tó kọ ní 1671. Ó bá ilẹ̀ wọn mu, èso oko wọn ni. Nínú ABD tiwa, ajá ló ni A, nítorí ajá ni ọmọ ń rí ní àgbàlá. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé sì ń sọ, pé ẹni tó bá ń jẹ ápù lójoojúmọ́ kò ní bá dókítà pàdé, òwe àwọn ará Pembrokeshire ní Wales ni, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1866. Òwe àwọn ará oko tí ápù pọ̀ lọ́dọ̀ wọn ni. Kì í ṣe àbájáde àyẹ̀wò oníṣègùn.

Owó náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ápù tí a ń rà lẹ́bàá títì Lekki sí Epe, ọkọ̀ ojú omi ló gbé e wá láti South Africa. Owó ọkọ̀ wà lórí rẹ̀, owó ẹnubodè wà lórí rẹ̀, owó yàrá òtútù náà wà lórí rẹ̀. Ọmọ rí i pé ápù ló wọ́n jù, ó sì gbà pé ápù ló dára jù. Àwa àgbà náà gbà bẹ́ẹ̀.

Ápù àti ọsàn ti dojú kọ ara wọn rí nínú àyẹ̀wò kan tó lókìkí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1747, James Lind, dókítà inú ọkọ̀ ogun Salisbury ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mú atukọ̀ 12 tí àrùn scurvy ń bá jà, àrùn àìtó fítámì C tó ń mú kí erìgì wú kó sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Ó pín wọn ní méjì méjì sọ́nà mẹ́fà. Àwọn méjì ń mu sáídà, ìyẹn ọtí tí wọ́n fi ápù ṣe. Àwọn méjì mìíràn ń jẹ ọsàn àti lẹ́mọ́ọ̀nù. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹfà, ọ̀kan nínú àwọn tó ń jẹ ọsàn ti lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn onísáídà sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò dé ibẹ̀. Mo mọ̀ pé sáídà kì í ṣe ápù tútù, n kò sì fẹ́ kí ìtàn náà ru ju ẹrù tó lè rù lọ. Síbẹ̀, láti ìgbà náà ni ọsàn ti ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Nígbà tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Albert Szent-Györgyi, sì ń wá ibi tí yóò ti rí fítámì C yìí yọ lọ́pọ̀ yanturu, ata pupa ìlú Szeged ní ilẹ̀ Hungary ló yanjú ìṣòro rẹ̀, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1937. Ọmọ ìyá tàtàṣé wa ni ata náà. Iná ọbẹ̀ a máa dín fítámì yìí kù, ṣùgbọ́n tàtàṣé pupa tútù ju ọsàn lọ dáadáa.

N kò retí kí ọmọ kíláàsì kẹrin gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ nítorí pé mo dárúkọ àwọn òyìnbó wọ̀nyí. Kó fi ojú ara rẹ̀ rí i ló dára jù, ó sì rọrùn. Kí olùkọ́ ra áyódìn kékeré nílé oògùn. Kó po sítáàṣì díẹ̀ pẹ̀lú omi gbígbóná títí yóò fi dà bí ẹ̀kọ mímu tó ṣàn, kó jẹ́ kó tutù, kó sì kán áyódìn sí i: yóò di aláwọ̀ aró tó ṣú. Kó bu omi aláró yìí ní ìwọ̀n kan náà sínú ife mẹ́rin. Kí àwọn ọmọ gún ápù, ọsàn, ìbẹ́pẹ àti gúáfà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ṣíbí kan kan, kí wọ́n po ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú omi ìwọ̀n kan náà, kí wọ́n sẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n máa kán omi èso sínú ife ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo kíláàsì máa kà á sókè títí àwọ̀ aró yóò fi pòórá. Fítámì C ló ń gba agbára lọ́wọ́ áyódìn. Gúáfà kì í pẹ́ kó tó fọ aró náà nù. Ápù a máa pẹ́ títí tí kíka yóò fi sú àwọn ọmọ.

Kí wọ́n má ṣe lo omi èso inú páálí fún àyẹ̀wò yìí o. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń bu fítámì C kún un, irọ́ ni yóò sì pa fún wọn. Kí ìgò áyódìn má kúrò lọ́wọ́ olùkọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ohun tó kàn án sẹ́nu, dídanù ni. Áyódìn tó bá ṣẹ́ kù, kí wọ́n kán an sórí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ dúdú kan àti ọ̀kan tó pọ́n dáadáa. Èyí tó dúdú yóò ṣú, nítorí sítáàṣì ló kún inú rẹ̀. Àwọ̀ èyí tó pọ́n kò ní fi bẹ́ẹ̀ yí padà, torí sítáàṣì rẹ̀ ti di ṣúgà. Ọmọ yóò mọ ìdí tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ fi ń dùn bó bá pọ́n, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ ọ́ sójú pátákó fún un.

Kí a má ṣe fi àṣìṣe kan rọ́pò òmíràn. Ápù kì í ṣe èso burúkú. Ó ní omi, ó ní okun inú èso tó ń mú ìgbẹ́ yá, ọmọ tó bá fẹ́ràn rẹ̀ kó jẹ ẹ́. Fítámì C nìkan kọ́ sì ni ara ń fẹ́. Ṣùgbọ́n ó níṣẹ́ kan tó kan àwo oúnjẹ wa gan-an: ó ń ran ara lọ́wọ́ láti gba áyọ́ọ̀nù inú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, èròjà tí ẹ̀jẹ̀ ń lò. Ọmọ tó jẹ ẹ̀wà lọ́sàn-án, tó sì mu ọsàn tẹ̀ lé e, yóò rí èrè ẹ̀wà náà ju ẹni tó fi mínírà tẹ̀ lé e lọ.

Àwọn òbí kan ń sọ pé ápù mọ́ tónítóní, pé èso ọjà Ajah dọ̀tí. Omi la fi ń fọ méjèèjì. Ápù náà ti gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kọjá kó tó dé ọwọ́ wa.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jẹ́ kí ọjọ́ èso máa tẹ̀ lé àsìkò èso. Bó bá bọ́ sí táàmù kejì, àgbálùmọ̀ ti wà lórí àtẹ. Bó bá di táàmù kẹta, máńgòrò ti dé. Ìbẹ́pẹ kì í sì í wọ́n lọ́jà yípo ọdún. Ẹ kọ orúkọ wọn ní Yorùbá sójú pátákó. Nínú lẹ́tà tí ẹ óò kọ sí àwọn òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìlà kan kún un: kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú èso kan tó so ní ilẹ̀ yìí wá.