Ọ̀nà tí Omi ń Gbà Wọ Ilé

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí, ọ̀rọ̀ ilé ni. Kì í ṣe ilé tuntun tí a ń fi ìlù àti orin ṣí, bí kò ṣe ilé àgbà, ilé tí bàbá kọ́ tí ọmọ jogún. Ẹni tí ó bá ti gbé inú irú ilé bẹ́ẹ̀ nígbà òjò mọ òórùn kan tí í máa jáde láti igun yàrá. Bí ó bá sún àpótí kúrò lára ògiri, yóò rí àmì dúdú tàbí àwọ̀ ewé tí ó ti tàn ká ibẹ̀. Aṣọ inú àpótí yóò ti bu, bàtà awọ yóò ti hu nǹkan funfun bí irun. A ó nu ún, a ó sá aṣọ sóòrùn, ṣùgbọ́n kí oṣù kan tó pé, ó ti padà dé.

Kí ni ohun yìí? Níbo ni ó ti ń wá? Báwo ni àwọn tí ó ti wà ṣáájú wa ṣe bá a jà? Ìtàn tí a ó gbọ́ nìyí.

Ohun tí ń mú ògiri bu, ìbátan olú ni. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé bí òjò bá rọ̀, olú a máa hù lára igi jíjẹrà. Bákan náà ni ti ara ògiri, àfi pé òun kéré púpọ̀. Irúgbìn rẹ̀ kò ṣeé fi ojú lásán rí. Ó wà nínú afẹ́fẹ́ níbi gbogbo, nílé olówó àti nílé tálákà, kò sì sí ẹni tí ó lè lé e tán. Ṣùgbọ́n kò lè hù láìsí omi. Bí ó bá bà lé igi, páálí, aṣọ, tàbí eruku tí ó lẹ̀ mọ́ ògiri, tí ibẹ̀ sì rin, nínú ọjọ́ kan tàbí méjì ó lè bẹ̀rẹ̀ sí hù. Bí ibẹ̀ bá gbẹ, kò ní rí nǹkan ṣe. Nítorí náà, ọ̀rinrin ni gbòǹgbò, bíbu ni ewé. Ẹni tí ó ń nu ògiri láìwá ọ̀nà omi, ewé ni ó ń já, ó fi gbòǹgbò sílẹ̀.

Àkọsílẹ̀ àtijọ́ kan wà nípa iṣẹ́ yìí, tí púpọ̀ nínú yín ní nílé láìfiyè sí i. Nínú Bíbélì, ní orí 14 ìwé Léfítíkù, òfin kan wà nípa ilé tí ẹ̀tẹ̀ mú. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé lóde òní ló rò pé ohun tí ń mú ògiri bu ni òfin náà ń sọ. Ẹ wo bí a ti ní kí wọ́n ṣe é. Onílé yóò lọ sọ fún àlùfáà. Wọn yóò kó ẹrù jáde kí àlùfáà tó wọlé. Bí ó bá rí àmì àwọ̀ ewé tàbí pupa tí ó jinlẹ̀ wọ inú ògiri, yóò ti ilé náà pa fún ọjọ́ 7, yóò sì padà wá wò ó. Bí àmì náà bá ti tàn sí i, wọn yóò yọ àwọn òkúta tí ó ti bàjẹ́, wọn yóò sì kó wọn sọnù lẹ́yìn ìlú. Wọn yóò ha inú ilé yíká, wọn yóò fi òkúta mìíràn dípò, wọn yóò sì fi amọ̀ tuntun rẹ́ ẹ. Bí ó bá tún padà wá lẹ́yìn gbogbo èyí, wọn yóò wó ilé náà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà bá a níwájú.

Ẹ jẹ́ kí a wá sílé wàyí. Ní Ilé-Ifẹ̀, bí a bá gbẹ́ ilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi, a ó kan ilẹ̀ tí a fi àpáàdì tẹ́. Wọn kò kàn da àpáàdì sílẹ̀ o. Wọ́n to wọ́n ní ìdúró, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, tí ojú ilẹ̀ fi le bí òkúta. Ìtàn tí a gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ni pé Ọọ̀ni obìnrin kan, Lúwo, ni ó pa á láṣẹ, nítorí kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan òun lẹ́sẹ̀. Àwọn tí ń wa ilẹ̀ láti wá ìtàn, bí Frank Willett tí ó ṣiṣẹ́ ní Ìta Yemòó ní 1957, rí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi hàn pé ó ti lé ní 500 ọdún dáadáa tí a ti tẹ́ wọn. Ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ kò fara sin. Ilẹ̀ tí a fi àpáàdì tẹ́ kì í di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, omi a máa ṣàn lórí rẹ̀ lọ, kò sì ní máa ta ẹrẹ̀ sí ẹsẹ̀ ògiri.

Ẹ wá wo agbo ilé àwọn baba wa. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897 tí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, kọ ọ́ pé ògiri ilé a máa ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 7, kóríko bẹẹrẹ ni a sì fi ń bò ó. Níbi tí kóríko yìí ti ṣọ̀wọ́n, bí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ewé gbòdògì ni wọ́n ń lò. Ní Ọ̀yọ́, òrùlé jẹ́ ọ̀ràn ìlú, nítorí lọ́dọọdún ni a ń ṣe ọdún Bẹẹrẹ, tí àwọn ará ìlú ń kó kóríko wá fún Aláàfin láti fi bo ààfin.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni a ń mọ ògiri. Ìpele kan ni a ń mọ lé ìpele kan, a ó sì jẹ́ kí ti ìsàlẹ̀ gbẹ kí a tó gbé ti òkè lé e. Etí òrùlé a yọ jáde gan-an, a fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́lẹ̀, tí òjò kò fi ní lè na ògiri. Ní àkòdì, omi òrùlé ọ̀tún àti ti òsì a dà sí àárín, wọn a gbe díẹ̀ sínú ìkòkò, ìyókù a sì gba ojú ọ̀gbàrá jáde. Èéfín ààrò a máa gbẹ òrùlé láti inú wá. Àwọn obìnrin a sì máa fi amọ̀ àti bọ́tọ̀ pa ògiri àti ilẹ̀ ní àpatúnpa.

Ohun kan tún wà tí ó ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Ògiri amọ̀ a máa mu omi, a sì tún máa tu ú jáde. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ wo amù tí ó wà ní ìdí ògiri nílé yín. Omi inú rẹ̀ ń yọ sí ara rẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń gbà á lọ. Ẹ wáá wò ó, bí a bá fi ọ̀dà kun gbogbo ara amù náà, omi kò ní rí ọ̀nà jáde mọ́. Ẹ má gbàgbé amù yìí.

A kò sọ pé ilé àtijọ́ kò ní àbùkù. Iná a máa jó kóríko, ìmọ́lẹ̀ kì í sì í tó nínú yàrá. Ìdí nìyí tí ọwọ́ fi yá láti gba ohun tuntun. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ènìyàn wa tí a ti kó lẹ́rú lọ sí Brazil àti Cuba bẹ̀rẹ̀ sí padà wá sí Èkó, àwọn ni a ń pè ní Àgùdà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà. Wọ́n kọ́ ilé alájà gíga, tí ó ní fèrèsé ńláńlá, tí afẹ́fẹ́ fi ń wọlé tí ó sì ń jáde. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá wọn, João Baptista da Costa, ni ó kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí a ṣí ní 1894. Àwọn náà mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ni ó ń gbẹ ilé.

Lẹ́yìn náà ni páànù gbòde. Páànù dára, iná kì í jó o bí kóríko. Ṣùgbọ́n ó ń gba owó, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gé etí òrùlé wọn kúrú kí ó lè ká ilé. Òjò tí kì í kan ògiri tẹ́lẹ̀ wá ń nà án ní gbangba.

Ohun tí a wá fi gba ògiri náà là ni símẹ́ńtì. Ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Joseph Aspdin, ni ó gba ìwé àṣẹ lórí irú símẹ́ńtì tí a ń pè ní Portland ní 1824. Láti òkè òkun ni ó ti ń wá sọ́dọ̀ wa, títí ilé iṣẹ́ símẹ́ńtì fi bẹ̀rẹ̀ ní Nkalagu ní 1957 àti ní Ewékorò ní 1960. Bí ó ti wá ń sún mọ́ ọwọ́ wa, gbogbo ẹni tí ó ní ilé amọ̀ fẹ́ fi símẹ́ńtì rẹ́ ẹ. Ó ń dán, ó sì jọ ilé ọlọ́lá.

Níbí ni ọ̀rọ̀ amù ti dé. Símẹ́ńtì le, ògiri amọ̀ rọ̀. Bí amọ̀ bá wú tí ó sì sún kì, símẹ́ńtì kò lè bá a lọ, yóò sán. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè wọ ibẹ̀. Omi náà bẹ́ẹ̀. Òjò yóò gba ojú sísán wọlé, omi ilẹ̀ náà yóò sì máa gun òkè nínú ògiri bí òwú àtùpà ti ń fa epo. Nígbà àtijọ́ oòrùn ni ì bá gbà á jáde, ṣùgbọ́n símẹ́ńtì ti dí ọ̀nà. Ògiri yóò máa rọ̀ lábẹ́lẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Nínú yàrá, ara ògiri yóò máa bu. Lọ́jọ́ kan, símẹ́ńtì náà yóò bọ́ ní abala ńlá, àwọn ènìyàn yóò sì sọ pé ilé amọ̀ kò dára. Kì í ṣe amọ̀ ni ó jẹ̀bi, ẹni tí ó dí i lẹ́nu ni.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ilé bíríkì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ń fa omi láti ilẹ̀. Lẹ́yìn òfin ìlera gbogbo ènìyàn ti 1875, ìlànà ilé kíkọ́ níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí béèrè pé kí a tẹ́ ohun tí omi kò lè là kọjá, bíi síléètì tàbí ọ̀dà dúdú, sínú ògiri ní òkè ilẹ̀ díẹ̀. Síbẹ̀ ìjà náà kò tán. Ní December 2020, ọmọ ọdún 2 kan kú ní ìlú Rochdale. Ní 2022, adájọ́ tí ń wádìí ikú sọ pé bíbu tí ilé wọn bu fún ìgbà pípẹ́ ni ó ba èémí ọmọ náà jẹ́. Àwọn òbí rẹ̀ ti kígbe fún àwọn onílé. Nítorí èyí ni a ṣe òfin ní 2023, pé àwọn tí ń fi ilé ìjọba àti ilé ẹgbẹ́ háyà gbọ́dọ̀ yára tún irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ náà sì kàn wọ́n. Àjọ ìlera àgbáyé pàápàá ti sọ ọ́ ní 2009 pé àwọn tí ń gbé inú ilé ọlọ́rinrin máa ń ní ikọ́, ikọ́ fée àti àìsàn èémí ju àwọn yòókù lọ.

Lónìí, àwọn kan wà tí wọ́n fi iṣẹ́ yìí ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Bí ọ̀jáfáfá nínú wọn bá dé, kì í kọ́kọ́ gbé búrọ́ọ̀ṣì. Yóò kọ́kọ́ wá ọ̀nà omi. Yóò wo òrùlé, yóò wo ẹsẹ̀ ògiri, yóò wo ibi ìwẹ̀ àti ibi ìdáná, nítorí oru ìkòkò àti èémí ènìyàn náà ń di omi lára ògiri tútù, gẹ́gẹ́ bí omi ti ń kán lára ọmọrí ìkòkò. Ó ní ẹ̀rọ kékeré kan tí yóò kì bọ ògiri láti mọ bí ó ti rin tó. Lẹ́yìn tí omi bá dúró, yóò kó ẹrù jáde, yóò fi ọ̀rá dí ẹnu yàrá, yóò wọ ìbòmú àti ìbọ̀wọ́. Ohun tí ó ti mu omi dénú, bíi páálí àjà àti tìmùtìmù, yóò kó wọn sọnù. Ohun tí ó le, yóò fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, yóò sì gbẹ ẹ́ pátápátá. Ẹ̀yin ará, ǹjẹ́ èyí kò fara jọ iṣẹ́ àlùfáà Léfítíkù? Ẹrù jáde, ilé dídí, ohun tí ó bàjẹ́ sọnù, kí a sì padà wá wò ó.

Bí ibi tí ó bu nílé yín kò bá ju ẹsẹ̀ bàtà 3 níbùú lóòró lọ, ẹ lè fọ̀ ọ́ fúnra yín, kí ẹ bo imú, kí ẹ ṣí fèrèsé. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ pe ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ẹ má ṣe kun ọ̀dà lé e lórí; ìbòmọ́lẹ̀ ni, kì í ṣe ìwòsàn. Ẹ má ṣe po bílíìṣì mọ́ oògùn ìfọlé mìíràn, nítorí èéfín olóró lè jáde. Bí ilé yín bá jẹ́ ti amọ̀, ẹ fi amọ̀ rẹ́ ẹ, kí ẹ sì fi kún etí òrùlé. Nígbà òjò tí ń bọ̀, ẹ jáde bí òjò bá ń rọ̀, ẹ yí ilé yín po, kí ẹ wo ibi tí omi ń lọ. Ẹ la ojú ọ̀gbàrá kúrò ní ẹsẹ̀ ògiri.

Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ilé tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ fún wa, itọ́ kọ́ ni wọ́n fi mọ ọ́. Kí àwa náà má ṣe jẹ́ kí ìrì wó o mọ́ wa lọ́wọ́.