Adìẹ Ayéyin ní Ẹ̀yìnkùlé Àgùdà

Ní Àgùdà, Sùúrùlérè, ilé fẹ̀gbẹ́ kan ilé. Àyè tó wà láàárín ògiri ẹni àti fẹ́ǹsì aládùúgbò kì í sábà ju èyí tí táǹkì omi, jẹnẹrétọ̀ àti okùn aṣọ lè gbà. Síbẹ̀, irú àyè bẹ́ẹ̀ tó adìẹ mẹ́fà, wọ́n sì lè fún agbo ilé kan ní ẹyin tí yóò jẹ láìrà. Lọ́dún 2024 tí kíréètì kan, ìyẹn ọgbọ̀n ẹyin, kọjá 3,000 náírà ní Èkó, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré.

Èyí tí ojú mọ̀ jù nínú adìẹ ayéyin ni Isa Brown, adìẹ pupa rúsúrúsú tí wọ́n ṣe àgbékalẹ̀ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Tí ìtọ́jú bá pé, ó lè yé tó 300 ẹyin lọ́dún. Adìẹ ìbílẹ̀ kò lè bá a dù ú: tó bá ti yé bíi mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, á sàba, á pamọ, á sì máa da àwọn ọmọ rẹ̀ kiri. Ṣùgbọ́n kò yẹ ká fojú di í. Èyí tí ọrùn rẹ̀ bó, tí àwọn kan ń pè ní abólọ́rùn, fara da ooru ju ọ̀pọ̀ adìẹ òyìnbó lọ. Láti ara adìẹ ìbílẹ̀ ni Fásitì iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Abẹ́òkúta ti mú FUNAAB Alpha jáde, Noiler náà sì wà fún ẹni tó fẹ́ ẹyin àti ẹran pọ̀.

Adìẹ kò nílò àkùkọ kó tó yé. Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn fún aládùúgbò tó fẹ́ sùn di ojúmọ́.

Ẹyin kan ń gbà tó wákàtí 24 sí 26 kó tó pé nínú ara adìẹ. Bíi wákàtí 20 nínú rẹ̀ ni èèpo fi ń dì mọ́ ọn, òru ló sì pọ̀ jù nínú àkókò náà. Nǹkan bí gíráàmù méjì kálísíọ̀mù ló ń wọ inú èèpo kan ṣoṣo. Tí adìẹ kò bá rí i nínú oúnjẹ, egungun ara rẹ̀ ni yóò ti fà á yọ. Ìdí nìyẹn tí ọlọ́sìn tó mọṣẹ́ fi ń da èérún ìkarahun sínú igbá lọ́tọ̀ nírọ̀lẹ́, kí adìẹ lè ní i nínú kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó bá ki ọwọ́ bọ ìtẹ́ láàárọ̀, tó bá ẹyin tí èèpo rẹ̀ ń rọ̀ lábẹ́ àtàǹpàkò, adìẹ ti rojọ́ fún un: ìkarahun kò tó, tàbí ooru mú jù.

Ooru gan-an ni ọ̀tá tó sún mọ́lé jù ní Àgùdà. Àwọn àgbà ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Àwọn onímọ̀ nípa ẹranko sọ pé adìẹ kò ní ojú òógùn lára rárá. Ẹnu ló ń là, tó fi ń mí hẹlẹhẹlẹ kí ooru lè jáde. Ṣùgbọ́n òwe náà kò ṣìnà, torí ìyà ti ń jẹ adìẹ lábẹ́ ìyẹ́ tipẹ́ kí olówó rẹ̀ tó fura. Mímí hẹlẹhẹlẹ yẹn pàápàá ń sọ èèpo ẹyin di fẹ́lẹ́. Lábẹ́ páànù lásán, ní oṣù Kejì sí oṣù Kẹta, ilé adìẹ a máa gbóná bí ààrò. Imọ̀ ọ̀pẹ lórí páànù, wáyà nẹ́ẹ̀tì dípò pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́, àti omi tútù tí wọ́n pààrọ̀ lọ́sàn-án ṣe pàtàkì ju oògùn èyíkéyìí lọ. Kí ilé náà sì ga kúrò nílẹ̀, nítorí àgbàrá.

Oúnjẹ ló ń gba owó jù. Adìẹ kan ń jẹ bíi gíráàmù 110 sí 120 lójúmọ́, ó sì ń mu omi tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Àgbàdo ló pọ̀ jù nínú oúnjẹ náà, sóyà tẹ̀ lé e. Nígbà tí Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà dáwọ́ dọ́là dúró fún àwọn tó ń kó àgbàdo wọlé ní oṣù Keje ọdún 2020, ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo ẹni tó ń sin adìẹ. Àwọn kan ti wá ọ̀nà míì: ní Porto-Novo, ní ilẹ̀ Benin, ibùdó ọ̀gbìn Songhaï tí Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985 ń sin ìdin láti fi bọ́ adìẹ. Nínú ilé, èèpo ẹ̀fọ́ àti ẹ̀bà tó ṣẹ́ kù lè ṣe àfikún, àmọ́ wọn kò lè rọ́pò oúnjẹ gidi. Àgbàdo tó ti bu, májèlé ni.

Ìmọ́lẹ̀ náà wà níbẹ̀. Adìẹ ayéyin fẹ́ wákàtí 14 sí 16 ìmọ́lẹ̀ lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ ojúmọ́ Èkó kò jìnnà sí wákàtí 12. Iná sólà kékeré lè dí àlàfo náà, kó ṣáà má máa yí padà lójoojúmọ́.

Àrùn tó ń pa adìẹ jù ni lùkúlùkú, tí àwọn dókítà ẹranko ń pè ní Newcastle. Agbègbè Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀ ní Nàìjíríà, láàárín 1952 sí 1953. Kò ní oògùn. Àjẹsára nìkan ló lè dènà rẹ̀. Ilé ìwádìí nípa àrùn ẹranko tó wà ní Vom, ní Plateau, tó ti wà láti 1924, ń ṣe é. Ìgò kan sábà máa ń tó ọgọ́rùn-ún adìẹ tàbí jù bẹ́ẹ̀, kì í sì í pẹ́ bàjẹ́ tí wọ́n bá ti po ó. Ó dára kí àwọn tó ní adìẹ mẹ́fà-mẹ́fà ládùúgbò kan dá owó jọ, kí wọ́n gbé e wá nínú yìnyín, kí wọ́n sì kán an sí gbogbo adìẹ lójú lọ́jọ́ kan náà.

Kòkòrò H5N1, tó ń fa fúlùú ẹyẹ, tún le ju ìyẹn lọ, torí ó lè ran ènìyàn. Ìpínlẹ̀ Kàdúná ló ti kọ́kọ́ yọjú ní Áfíríkà, ní oṣù Kejì ọdún 2006. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2007, ó pa obìnrin kan ní Èkó. Kò yẹ kí adìẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ́jà bá àwọn tó wà nílé pàdé kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Tí ikú bá sì ń pa wọ́n léra léra, dókítà ẹranko ni kí wọ́n pè, kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀.

Ìgbẹ́ adìẹ mẹ́wàá lè tó kílò kan lóòjọ́. Tó bá tutù, á máa ta imú, eṣinṣin á sì dé. Èérún igi gbígbẹ lábẹ́ wọn ló ń gbà á. Àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ kì í kọ ìgbẹ́ tó ti gbẹ.

Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan àti ààbọ̀ láyé, ẹyin adìẹ a bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Nígbà náà ni ọ̀pọ̀ ń tà á tàbí kí wọ́n pa á. Ẹran rẹ̀ le, ó ń pẹ́ lórí iná, àmọ́ kì í já sínú ọbẹ̀ ata.