Ìràwọ̀ Tí A Fi Wọn Ọ̀rọ̀ Einstein Wò

Àwọn ọmọ wa a máa bi wá pé báwo ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣe mọ̀ pé òótọ́ ni ohun tí wọ́n ń sọ nípa ojú ọ̀run. Ìtàn tí a lè fi dá wọn lóhùn nìyí.

Ní ọdún 1916, Albert Einstein sọ ní Berlin pé bí àwọn ohun wíwúwo bá ń yí ara wọn po, òòfà wọn yóò máa gbé ìgbì jáde, bí ojú omi ṣe ń ṣe nígbà tí a bá ju òkúta sí i. Nígbà tí ó di 1936, òun fúnra rẹ̀ ṣiyèméjì. Kò sí òṣùwọ̀n.

Ní 1967, Jocelyn Bell, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Cambridge, rí àmì kékeré kan lórí ìwé tí ẹ̀rọ rédíò wọn ń tẹ̀. Kò fojú fò ó. Àmì náà ń wá déédéé bí aago. Ìràwọ̀ nútírọ́ọ̀nù ni: òkú ìràwọ̀ tí ó wúwo ju oòrùn lọ, tí kò fẹ̀ tó Lọ́ńdọ̀nù, tí ó ń pòòyì bí òkòtó.

Ní 1974, Joseph Taylor àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Russell Hulse, fi ẹ̀rọ Arecibo ní Puerto Rico rí irú ìràwọ̀ yìí kan tí òun àti èkejì rẹ̀ ń yí ara wọn po. Ìyípo kan kò tó wákàtí 8. Òṣùwọ̀n dé! Bí Einstein bá sọ òótọ́, ìgbì yóò máa gba agbára lára wọn, wọn yóò sì máa súnmọ́ ara wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, nǹkan bí 76 nínú rẹ̀ ni ó ń dín nínú àkókò ìyípo náà lọ́dọọdún. Ó bá ìṣirò Einstein mu, ìyàtọ̀ kò tó 1 nínú 100. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1993.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún 2017, àwọn ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà gbọ́ ìgbì irú ìràwọ̀ méjì bẹ́ẹ̀ tí wọ́n forí sọ ara wọn. Lẹ́yìn ìrìn tí ó ju mílíọ̀nù 100 ọdún lọ, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 2 péré ni ìmọ́lẹ̀ wọn fi tẹ̀lé ìgbì náà. Ọ̀pọ̀ àbá mìíràn nípa òòfà, tí ó ní ìgbì àti ìmọ́lẹ̀ kì í yára bákan náà, ṣubú.

Bell ńkọ́? Ọ̀gá rẹ̀ ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel ní 1974. Kò kàn án. Ní 2018, ó gba ẹ̀bùn mílíọ̀nù 3 dọ́là, ó sì fi gbogbo rẹ̀ dá owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Ìlú Ọba àti Ireland fún àwọn tí irú wọn kò pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ físíìsì. Àwọn ọmọ wa wà lára wọn. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Ọmọ tí ó bá sì ń béèrè pé "báwo ni ẹ ṣe mọ̀?", ẹ má ṣe pa á lẹ́nu mọ́.