Pínpín GPU Láàrin Àwọn VM: Ààlà Ló Yẹ Kó Ṣáájú

VM ni kọ̀ǹpútà tí sọ́fítíwià dá sílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà gidi. Bí wọ́n bá pọ̀ lórí sáfà kan, pípín CPU fún wọn kò le mọ́. Lórí pípín GPU, ẹ̀rọ tó ń ṣe ọ̀pọ̀ ìṣirò lẹ́ẹ̀kan náà, ni iṣẹ́ wà. Àwọn tó ń ra GPU sábà máa ń kọ́kọ́ bèèrè pé VM mélòó ló lè gbà. Èrò tèmi ni pé ìbéèrè mìíràn ló yẹ kó ṣáájú: kí ló ń ṣọ́ ààlà láàrin wọn?

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni kí a fa GPU lé VM kan ṣoṣo lọ́wọ́. Lórí Linux, VFIO, tó wọ kernel 3.6 lọ́dún 2012, ló ń ṣe èyí. Ewu ibẹ̀ ni pé GPU lè ka mẹ́mọ́rì láìgba ọ̀dọ̀ CPU kọjá, nítorí náà VM kan lè tipasẹ̀ rẹ̀ dé ibi dátà ẹlòmíràn. IOMMU, tí Intel ń pè ní VT-d, ló ń dí ọ̀nà náà: ó ń yẹ gbogbo àdírẹ́sì tí GPU bá pè wò, èyí tí kì í bá ṣe ti VM náà, kò ní gbà á láyè. Ààbò yìí lágbára, àmọ́ bí VM náà kò bá níṣẹ́ lọ́wọ́, GPU á wà lásán.

Ọ̀nà kejì ni pínpín àkókò. Nínú vGPU ti NVIDIA, VM kọ̀ọ̀kan ní ìpín mẹ́mọ́rì tirẹ̀, ṣùgbọ́n kálukú ń lo ẹ̀ka ìṣirò nígbà tó bá kàn án. Iṣẹ́ ńlá ẹnì kan lè fa ìdádúró fún àwọn yòókù.

Ọ̀nà kẹta ni MIG, tó bá A100, GPU ti NVIDIA, dé lọ́dún 2020. Ó lè gé GPU kan sí ìpín 7, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ka ìṣirò àti ọ̀nà mẹ́mọ́rì tirẹ̀ nínú ẹ̀rọ gan-an. Ẹ wo ohun tó ń ná wa: nínú ẹ̀ka ìṣirò 108, 98 péré ni ìpín 7 náà ń lò, 14 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́jọ mẹ́mọ́rì kò sì sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹnìkan lè sọ pé òfò nìyẹn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Owó ògiri ni a san. Bí àwọn VM bá jẹ́ ti iléeṣẹ́ kan náà, pínpín àkókò tó. Bí wọ́n bá jẹ́ ti àwọn oníbàárà tí kò mọra wọn rí, ààlà inú ẹ̀rọ ni kí a yàn, bí iye VM tí GPU lè gbà tilẹ̀ dínkù.