Àkọsílẹ̀ àjùmọ̀lò àwọn ilé ìwòsàn àti ìtọ́jú kíákíá fún àrùn rọpárọsẹ̀

Àkọsílẹ̀ àjùmọ̀lò ni ètò tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn fi ń kọ àkókò tí wọ́n lò lórí aláìsàn rọpárọsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní ọ̀nà kan náà, tí wọ́n sì ń fi tiwọn wé ti àwọn ẹgbẹ́ wọn kí ìtọ́jú lè yá sí i. Ohun tí wọ́n ń kọ ni ìgbà tí aláìsàn wọlé, ìgbà tí wọ́n ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀, àti ìgbà tí oògùn wọ inú iṣan rẹ̀. Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ni ètò yìí ti gbilẹ̀ jù, ṣùgbọ́n kíka àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọlù kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ Yorùbá.

Ìdí tí wọ́n fi ń ka ìṣẹ́jú

Oríṣi rọpárọsẹ̀ méjì ló wà. Nínú èkíní, ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí iṣan ọpọlọ. Nínú èkejì, iṣan ló bẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ sì ń dà sínú ọpọlọ. Ní ọdún 2006, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà, Jeffrey Saver, ṣírò pé bí iṣan bá dí, nǹkan bí mílíọ̀nù 1.9 sẹ́ẹ̀lì tí ọpọlọ fi ń ronú ló ń kú ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan.

Alteplase jẹ́ ọ̀kan nínú oògùn tí wọ́n fi ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì náà. Ìwádìí ọdún 1995 fi hàn pé ó wúlò bí wọ́n bá fún aláìsàn láàárín wákàtí mẹ́ta tí àrùn náà bẹ̀rẹ̀. Ti ọdún 2008 ní Yúróòpù sún un dé wákàtí mẹ́rin ààbọ̀. Bí ó bá sì ti tètè wọlé tó ló ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. Ṣùgbọ́n ẹni tí iṣan rẹ̀ bẹ́ lè ti ọwọ́ oògùn yìí kú, nítorí náà kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ gbà á láìjẹ́ pé wọ́n ti fi ẹ̀rọ ya àwòrán orí rẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn

Láàárín ọdún 1973 sí 1975, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn ṣí ìwé àkọsílẹ̀ rọpárọsẹ̀ fún gbogbo ìlú náà, lábẹ́ àjọṣe Àjọ Ìlera Àgbáyé. Wọ́n rí i pé nǹkan bí ènìyàn 26 nínú 100,000 ni àrùn náà ń kọlù lọ́dún. Ní Èkó, ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Sùúrùlérè, tí ó jáde ní 2007, fi hàn pé ènìyàn kan ó lé díẹ̀ nínú 1,000 ni àrùn náà ti kọlù tí ó ṣì wà láàyè.

Lẹ́yìn náà ni SIREN dé, ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn àti Bruce Ovbiagele jọ darí. Láàárín 2014 sí 2017, wọ́n fi aláìsàn 2,118 wé iye ènìyàn kan náà tí àrùn kò kọlù, ní ibùdó 15 ní Nàìjíríà àti Gánà. Ìdá 68 nínú 100 ló jẹ́ ti iṣan dídí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló sì ṣáájú ohun gbogbo tí ó ń fà á.

Àwọn ìwádìí wọ̀nyí ka ènìyàn, wọ́n sì wá ohun tí ó fa àrùn. Kíka ìṣẹ́jú jẹ́ iṣẹ́ mìíràn.

Bí ìfiwéra ṣe ń dín àkókò kù

Ẹgbẹ́ tí ó ń gbógun ti àrùn ọkàn ní Amẹ́ríkà, American Heart Association, bẹ̀rẹ̀ ètò àkọsílẹ̀ Get With The Guidelines–Stroke ní 2003. Ní 2010, wọ́n fi Target: Stroke kún un: ó kéré tán, ìdajì àwọn tí oògùn tọ́ sí gbọ́dọ̀ gbà á láàárín wákàtí kan tí wọ́n dé. Wọ́n fún àwọn ilé ìwòsàn ní ìlànà pẹ̀lú: kí ọkọ̀ aláìsàn ti pè kó tó dé; kí ìpè kan ṣoṣo kó gbogbo òṣìṣẹ́ tó yẹ jọ; kí wọ́n gbé aláìsàn tààrà sídìí ẹ̀rọ àwòrán; kí àwọn òṣìṣẹ́ sì tètè gbọ́ bí iṣẹ́ wọn ti rí.

Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2014, láti ilé ìwòsàn 1,030 àti aláìsàn 71,169. Kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú 77 ni ìdajì àwọn aláìsàn fi ń gba oògùn. Ó wálẹ̀ sí 67. Àwọn tí ó gbà á láàárín wákàtí kan kúrò ní ìdá 26.5 nínú 100, ó di 41.3. Ìyára náà kò pa aláìsàn lára: àwọn tí ó ń kú sílé ìwòsàn dín kù láti 9.93 sí 8.25 nínú 100, ẹ̀jẹ̀ dídà sínú ọpọlọ pẹ̀lú sì dín kù. Ní Helsinki, olú-ìlú Finland, ilé ìwòsàn kan ṣoṣo fi irú àtúnṣe báyìí gbé àkókò gbígba oògùn wálẹ̀ láti ìṣẹ́jú 105 ní 1998 sí 20 ní 2011.

Iṣẹ́ tí iye wọ̀nyí ń ṣe kò ju pé ó ń tọ́ka ibi tí àkókò ń ṣòfò sí. Dókítà lè rò pé oògùn ló pẹ́, kí ìwé sì fi hàn pé ìdúró de ẹni tí yóò ka àwòrán ni. Bí ilé ìwòsàn mìíràn tí agbára wọn dọ́gba bá sì ṣe é ní ìdajì àkókò, àwíjàre kò sí mọ́.

Alímọ̀ṣọ́

Bí a bá fẹ́ gbé irú ètò yìí wá sílé, Alímọ̀ṣọ́ ní Èkó jẹ́ àpẹẹrẹ ibi tí a lè fojú sí. Ìkànìyàn 2006 ka ènìyàn 1,277,714 níbẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní wọ́n ju mílíọ̀nù méjì lọ. Lọ́nà méjèèjì, òun ni ìjọba ìbílẹ̀ tí èrò pọ̀ sí jù ní ìpínlẹ̀ náà. Ilé Ìwòsàn Ìjọba Alímọ̀ṣọ́ wà ní Ìgándò. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì wà níta Alímọ̀ṣọ́: LASUTH ní Ìkẹjà, LUTH ní Ìdí-Àràbà. Ẹni tí ó ń ti Ìkòtún tàbí Ẹgbẹ́dá lọ síbẹ̀ mọ ohun tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ń jẹ́.

Ní Amẹ́ríkà, aago bẹ̀rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Bí wọ́n bá gbé ìlànà yẹn wá sí Alímọ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀, ohun tó tóbi jù yóò bọ́ sílẹ̀, nítorí wákàtí ti ń lọ kí aláìsàn tó débẹ̀. Àwọn kan á kọ́kọ́ gbé e lọ sílé àdúrà, nítorí wọ́n rò pé wọ́n ta á ní ọfà ni. Àwọn mìíràn á fún un lágbo, tàbí kí wọ́n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì láti wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ilé ìwòsàn aládàáni àdúgbò, tí yóò fi ìwé dárí wọn síbòmíràn, kí wọ́n tó máa wá owó àwòrán orí kiri. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó, 112 àti 767, wà fún pípe ọkọ̀ aláìsàn.

Nítorí náà, àkọsílẹ̀ tí ó bá ibẹ̀ mu gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n rí aláìsàn kẹ́yìn tí ara rẹ̀ ṣì dá, kí ó sì kọ ibi gbogbo tí ó yà kó tó dé. Àwọn ilé ìwòsàn aládàáni gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ti ìjọba.

Ewu àti ààlà

Ilé ìwòsàn tí ó ń bẹ̀rù ìtìjú nínú ìfiwéra lè kọ aláìsàn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ le, tàbí kí ó tún àkókò kọ. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ ètò máa ń fi iye ọjọ́ orí àti bí àrùn ti le tó kún ìṣírò. Òfin ààbò ìsọfúnni ti Nàìjíríà, ti ọdún 2023, sì ka ọ̀rọ̀ ìlera ẹni sí ohun tí ó nílò ìṣọ́ra gidi, nítorí náà orúkọ kò ní í bá iye rìn.

Níbi tí alteplase kò bá sí, àkọsílẹ̀ náà kò di asán. Àyẹ̀wò ìfúnpá àti ṣúgà, àwòrán orí, àti wíwò bóyá aláìsàn lè gbé omi mì láìhá á lọ́fun, gbogbo wọn ní àkókò tí a lè kọ, wọ́n sì wúlò fún oríṣi rọpárọsẹ̀ méjèèjì. Bírò àti ìwé tó láti fi bẹ̀rẹ̀.