Jin-Go-Lo-Ba àti Òwe Àgídìgbo

Bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ló ń jó o, ọ̀mọ̀ràn ló ń mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ wa a máa pa òwe yìí bí ẹni pé ọ̀kan náà ni ọlọ́gbọ́n àti ọ̀mọ̀ràn. Wọn kì í ṣe ọ̀kan. Ẹsẹ̀ ni ti ọlọ́gbọ́n, etí ni ti ọ̀mọ̀ràn. Èèyàn lè jó ìlù títí ilẹ̀ á fi mọ́ kó má mọ ẹni tí ìlù ń kì. Orin tó fi èyí hàn mí jù lọ ni Jin-Go-Lo-Ba, tí Babátúndé Ọlátúnjí kọ.

Àjídò lẹ́bàá Àgbádárìgì ni wọ́n bí i sí ní 1927, nínú àwọn Ògù tí àwa ń pè ní Ègùn. Oṣù méjì ṣáájú ni bàbá rẹ̀ ti jáde láyé, ìdí nìyẹn tó fi ń jẹ́ Babátúndé. Ẹ̀kọ́ ló gbé e dé Amẹ́ríkà ní 1950, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga Morehouse ní Atlanta. Iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè ló ń lé, àmọ́ ìlù kò jẹ́ kó ráyè rẹ̀. Ní 1960, ilé iṣẹ́ Columbia gbé àwo rẹ̀, Drums of Passion, tí Jin-Go-Lo-Ba wà nínú rẹ̀, jáde. Ìlù àti ohùn èèyàn ló kún inú rẹ̀, àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ló sì pọ̀ nínú àwọn tó ń gbè é. Wọn kò mu èdè wa mọ́ ọmú, síbẹ̀ wọ́n gbè é, ó dùn.

Kò sí àmì ohùn lórí orúkọ àwọn orin inú àwo náà. Ọ̀kan ń jẹ́ Oyin Momo Ado. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, Adó-Èkìtì tó wà nítòsí wa ló sọ sí mi lọ́kàn. Ẹlòmíràn á ní àdó ni, igbá kékeré tí à ń rọ oògùn sí. Bí ohùn bá ti bọ́ lára ọ̀rọ̀ Yorùbá, ẹsẹ̀ nìkan ló kù tó lè tẹ̀ lé e.

Bí ẹsẹ̀ ṣe tẹ̀ lé Jin-Go-Lo-Ba nìyẹn. Ní 1964, Serge Gainsbourg, olórin Faransé, sọ ọ́ di Marabout. Kò fi orúkọ Ọlátúnjí sí ara àwo náà. Ó ń dùn mí títí di òní, nítorí ọwọ́ rẹ̀ mọ ìlù náà dáadáa. Ní 1969, ẹgbẹ́ Carlos Santana, ọmọ Mẹ́síkò, pè é ní Jingo, wọ́n sì lù ú níbi àjọ̀dún orin Woodstock. Lójú tèmi, nínú gbogbo àwọn tó tún un kọ, kò sẹ́ni tó tó wọn. Dùùrù àti gìtá wọn gba ipò ẹni tó ń lé orin, ìlù sì ń dáhùn lábẹ́, bí ìyá ìlù àti omele ṣe ń ṣe nílé wa. Candido, onílù ọmọ Kúbà, lù ú fún àwọn oníjó dísíkò ní 1979. Fatboy Slim, olórin Gẹ̀ẹ́sì, náà tún gbé e ní Ìlú Ọba ní 2004.

Mo jókòó ti onílù àgbà kan ní Aràmọ̀kọ lẹ́yìn ìsìnkú kan, mo fi fóònù gbé mẹ́ta sí i létí. Nígbà tí ti Ọlátúnjí ń lọ, ìka bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbá omele létí àga. Ti Santana dé, ó rẹ́rìn-ín, ó yí ìka padà. Nígbà tí ti Faransé bẹ̀rẹ̀, kò tíì lọ jìnnà tó fi gbé orí sókè, ó ní, “Ọ̀kan náà mà ni.” Ó wá bi mí, ọmọ ta ló ni orin? Mo ní ọmọ Àjídò ni, Bàbá, Ọlátúnjí ni wọ́n ń pè é. Ó ní kí n tún un pè. Mo tún un pè. Ó kan àárín àga lẹ́ẹ̀kan, ó kan etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta: re, mí, mí, mí.