Bí A Ṣe Lè Lo Ìsinmi ní Èbúté Èkó

Àwọn àgbà a máa wí pé ẹni tí ó dé Èkó tí kò gbọ́n, kò tún lè gbọ́n mọ́. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ilé-ìwé wa ni í lọ sí Èkó ní àkókò ìsinmi tí wọn a sì padà bí wọ́n ti lọ. Bí a bá bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí, wọn a ní àwọn rí afárá, àwọn rí iná, àwọn rí ọkọ̀. Ojú wọn ríran, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kọ́ wọn ní ohun tí wọn ì bá wò. Nítorí náà ni mo ṣe kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú yìí, kí olùkọ́ tí ó fẹ́ mú ọmọ lọ sí Èkó fún ọjọ́ mẹ́ta lè mọ bí yóò ti pín in. Ẹnu ọ̀nà ni èbúté jẹ́. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, kí a bèèrè àwọn tí a mú gba ibẹ̀ jáde. Ní ọjọ́ kejì, àwọn tí ó gba ibẹ̀ padà wọlé. Ní ọjọ́ kẹta, bí a ti ṣe mú ẹnu ọ̀nà náà gbòòrò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní, ẹ lọ sí Màrínà. Lónìí omi ti jìnnà sí àwọn ilé àtijọ́, nítorí a ti fi yanrìn dí etí ọ̀sà, a sì la ọ̀nà sórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n láyé àtijọ́, etí omi gan-an ni ibẹ̀. Ní ìdajì ìṣáájú ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Èkó wà lára àwọn èbúté tí a ti ń kó ẹrú jùlọ ní etíkun wa. Ogun tí ó tú ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ká ni ó ń kó púpọ̀ nínú wọn wá. Ọmọdékùnrin kan wà láàrin wọn, Àjàyí, tí a kó ní Òṣogùn ní 1821. A tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, a sì kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí ní oṣù Kẹrin 1822. Ọkọ̀ náà kò tí ì rìn jìnnà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi gbà á, tí a sì mú Àjàyí lọ sí Sàró. Òun ni ó di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther ní 1864, tí ó ṣe olórí nínú títúmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, tí ó sì kú ní Èkó ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1891. Ìrántí rẹ̀ wà ní Kàtídírà Kírísítì ní Màrínà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ dúró níbẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́. Èbúté tí ó rán an lọ bí ẹrú ni ó gba òkú rẹ̀ pẹ̀lú ọlá. Ṣùgbọ́n ẹ rán wọn létí pé ẹnìkan ṣoṣo ni Àjàyí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni kò padà, tí a kò sì mọ orúkọ wọn.

Ẹ má sì ṣe fi ibẹ̀ parí ìtàn náà. Ní oṣù Kejìlá 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá lu Èkó, wọ́n lé Kòsọ́kọ́ jáde, wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí oyè. Wọ́n ní nítorí òwò ẹrú ni. Òtítọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú wọn wà lára òwò epo pẹ̀lú. Kò pé ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 1861, tí Dòsùmú fi ọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ọkọ̀ ogun wà lójú omi. Ẹnu ọ̀nà tí a tì mọ́ òwò ẹrú ni a ṣí sílẹ̀ fún ìjọba àjèjì.

Ní ọjọ́ kejì, ẹ wọ Pópó Àgùdà, ní àyíká Campos Square àti òpópó Kákáwà. Àwọn ènìyàn wa tí a ti kó lọ sí Bràsíl àti Kúbà, tí wọ́n sì gba òmìnira, ni wọ́n tẹ̀dó síbẹ̀. Lẹ́yìn ìdìde àwọn Mùsùlùmí ní Bàhíà ní 1835, tí ìjọba ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn dúdú lára gidigidi, ni púpọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí padà wálé. Bíríkìlà àti káfíńtà wà láàrin wọn; ọwọ́ tí wọ́n fi kọ́lé fún olówó wọn ni wọ́n fi kọ́ ti ara wọn. Ẹ wo mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí a ṣí ní 1894: João Baptista da Costa, ọmọ Àgùdà, ni ó kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìrìn yìí falẹ̀. Ilé kan wà ní Ojúde Tinúubú tí a ń pè ní Ilojo Bar, tí ìjọba ti sọ di ohun ìrántí ní 1956. Ní oṣù Kẹsàn-án 2016 ni a wó o lulẹ̀. Ọmọ tí kò rí i kí ó tó wó, àwòrán nìkan ni yóò máa wò.

Ọjọ́ kẹta ni ti òkun. Ẹ wọ ọkọ̀ omi lọ sí Tarkwa Bay, kí olúkúlùkù sì wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Àwọn ọmọ yóò rò pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọkọ̀ ńlá ti ń wọ Èkó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Yanrìn dí ẹnu ọ̀sà. Ọkọ̀ ńlá a dúró lójú òkun, a ó sì fi okùn sọ èrò kalẹ̀ lórí àga sínú ọkọ̀ kékeré, bí ìgbì ti ń gbé e sókè sódò. Ní 1908 ni a bẹ̀rẹ̀ sí to òkúta sínú òkun, kí omi tí ń jáde lè máa gbá yanrìn náà lọ fúnra rẹ̀. Àró lẹ́bàá Abẹ́òkúta ni a ti fọ́ òkúta, ọkọ̀ ojú irin sì gbé e wá. Ní 1914 ni ọkọ̀ ńlá wọlé. Ní 1926 ni èbúté Àpápá ṣí. Ṣùgbọ́n èrè náà ní gbèsè tirẹ̀. Láti ìwọ̀-oòrùn ni ìgbì ti ń gbé yanrìn lọ sí ìlà-oòrùn ní etíkun wa. Odi òkúta dá a dúró. Yanrìn kún ní ìhà kan, òkun sì ń jẹ ilẹ̀ ní ìhà kejì, ní Victoria Beach, títí a fi ní láti kọ́ odi mìíràn síbẹ̀ ní ayé tiwa yìí.

Ẹni tí ó ń bọ̀ láti Ìbàdàn lè wọ ọkọ̀ ojú irin tuntun tí a ṣí ní 2021. Oṣù Kẹjọ dára fún ìrìn náà, nítorí òjò a máa dẹwọ́ díẹ̀. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ìwé àti pẹ́ńsùlù, kí ó sì kí àgbà tí ó bá bá ní ẹnu ọ̀nà kí ó tó bèèrè ọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n bá padà délé, kí olúkúlùkù bi ìyá àti bàbá rẹ̀ àgbà pé: ta ni nínú ìdílé wa ni ó gba Èkó kọjá, kí ni ó sì gbé e lọ? Ẹni tí ó bá mú ìbéèrè yìí bọ̀ láti Èkó ti gbọ́n.